Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú Lè Tu Ìyá Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lára

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa nínú ẹgbẹ́ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń jáde lọ sí Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà ní Àkúrẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ohun tó mú kí ara tu èmi àti ọkọ mi ni pé, ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, a máa ń jókòó ti ìwé kan, a ó sì kọ orúkọ ẹni tí yóò lọ mú àwọn ọmọ nílé ìwé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tí a bá fi ẹnu lásán sọ kì í pẹ́ dìjà. Tó bá di Sátidé, mo máa ń ra ata ní Ọjà Ọba, n ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n ó sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, n ó dín in, n ó sì pín in sínú ike mẹ́rin. Iná kì í dúró, ṣùgbọ́n ata tí omi rẹ̀ gbẹ kì í tètè kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú: abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún yín ní ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àkókò iṣẹ́. Ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ kí ìsinmi ìbímọ yín tó parí.