Bẹ́ ẹ ṣe lè fi etí àti ojú kọ́ Faransé pa pọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Faransé torí ọjà Kútọnú abí torí iṣẹ́, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú dáadáa: ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́ àti ohun tẹ́ ẹ ń kà, ọ̀kan náà ni kí wọ́n jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbọ́ rédíò láàárọ̀, wọ́n á lọ ka ìwé míì lálẹ́, wọ́n á ní àwọn ń ṣe méjèèjì, àmọ́ etí ò mọ ohun tójú rí, ojú náà ò mọ ohun tétí gbọ́.

Faransé gan-an ló nílò ẹ̀ jù, torí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é. Ẹ wo parle, parles àti parlent, ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà kọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “sọ̀rọ̀”, bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dún. Les amis, ìyẹn “àwọn ọ̀rẹ́”, ńkọ́? S inú les tí wọn kì í pè tó bá dá wà, ó ti di z, ó ti lọ lẹ̀ mọ́ amis, ẹni tó ń gbọ́ nìkan ò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí, ẹni tó ń kàwé nìkan náà ò ní dá a mọ̀ tí wọ́n bá sọ ọ́ níwájú ẹ̀.

Ẹ wá ohun kúkurú tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀. RFI, ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé, ní ìròyìn kan tó ń jẹ́ Journal en français facile, ìṣẹ́jú 10 ni, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sì máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o, ìṣẹ́jú kan abí méjì ti tó fún ọjọ́ kan.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ láìwo nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo èyí, torí tójú bá ti kọ́kọ́ rí i, ó ti pinnu bó ṣe máa dún nìyẹn, etí ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ṣí ọ̀rọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa fìka tọ̀ ọ́ bó ṣe ń jáde, tó bá yá jù kẹ́ ẹ dín eré ẹ̀ kù sí 0.75 lórí fóònù yín, ibi tójú àti etí bá ti ń jà, ẹ fa ìlà sí i nídìí, ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà. Ọ̀rọ̀ tí ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ lóye nìkan ni kẹ́ ẹ wò nínú díṣọ́nárì. Ẹ wá kà á sókè tẹ̀lé ẹni tó ń sọ ọ́, tó bá di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tún gbọ́ ọ láìwo ìwé.

Àwọn tó ń wo fíìmù Faransé tí wọ́n ń ka Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ ẹ̀, ìyẹn ò bá èyí mu o. Gẹ̀ẹ́sì yẹn lẹ máa kà, Faransé á kàn máa kọjá lọ. Ẹ yí i sí Faransé.

Tó bá jẹ́ Bàọ́lọ́jì tàbí ìtàn lẹ ń kọ́, ẹ yí ètò yẹn padà: ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, torí òye lẹ ń wá níbẹ̀, kì í ṣe bó ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gbọ́ tíṣà lórí YouTube pẹ̀lú ìwé yẹn ní ṣíṣí, kẹ́ ẹ máa dá a dúró, kẹ́ ẹ máa fẹnu ara yín ṣàlàyé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó máa lọ.