Bí o ṣe lè fi WhatsApp sún mọ́ ìyá rẹ nílé

Manchester ni mo wà, màmá mi wà ní Ìbàdàn. Fún ọdún méjì, mo rò pé à ń bá ara wa sọ̀rọ̀, nítorí pé àràárọ̀ ni wọ́n ń fi àdúrà ránṣẹ́, èmi náà á tẹ "Àmín" padà. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ó dùn mí wọnú eegun.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Tẹ máìkì mọ́lẹ̀, fi ohùn rẹ ránṣẹ́. Kí wọn dáadáa, kí o wá béèrè ohun tí "Àmín" kò lè dáhùn: "Ẹ̀yin mà, kí lẹ jẹ lánàá? Ta ló bá yín pọnmi?" Tí èsì bá dé, fetí sí bí wọ́n ṣe ń mí láàárín ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àtẹ̀gùn ilé ti ń dá wọn lágara.

Lọ́jọ́ ìsinmi, pè wọ́n lórí fídíò. Ní kí wọ́n gbé fóònù ti ife omi lórí tábìlì, kí wọ́n máa ṣa ẹ̀fọ́ wọn lọ. Ìwọ náà máa lọ aṣọ rẹ. Nígbà òtútù, aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú ti ìlú ọba, nítorí náà má pẹ́ kí o tó pè.

Wíwo status wọn kì í ṣe ìkíni o. Tí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́ ní oríkì, má gé wọn lẹ́nu.