Ọwọ́ Yín Kúrò Lórí Máòsì: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Tíṣà Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ tí olùkọ́ àgbà tó ń tọ́ mi sọ́nà kọ́kọ́ wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi, mo rò pé mo ṣe bẹbẹ. Àwọn ọmọ parí iṣẹ́, ariwo ò sí, kóòdù ṣiṣẹ́ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a wá jókòó láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ náà, ìwé kan péré ni wọ́n tẹ́ síwájú mi. Ìlà kéékèèké ni wọ́n fà sórí rẹ̀, ní márùn-ún márùn-ún. Mo kà á: 19.

"Iye ìgbà tí o gba máòsì lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 40. Ta ló wá ṣiṣẹ́ ọ̀hún, àwọn ọmọ ni àbí ìwọ?"

N kò rí èsì fún wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yìí lẹ́yìn mi, mo sì rí i pé àṣìṣe wa jọra wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fẹ́ràn kọ̀ǹpútà tipẹ́ ká tó ronú kan ọmọ kíkọ́. Ọwọ́ wa yá jù.

Gbígba máòsì lọ́wọ́ ọmọ

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Ọmọ na ọwọ́ sókè: "Tíṣà, tèmi ò ṣiṣẹ́." Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú yín já sí àmì kólọ́ọ̀nù (:) tí kò sí ní ìparí ìlà if, ìyẹn ìlà tó ń sọ pé "bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀". Kí ẹ tó mí, ìka yín ti tẹ̀ ẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Ọmọ ní "Ẹ ṣé, tíṣà," ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kí ni ọmọ yẹn kọ́? Ó kọ́ pé bí kóòdù bá ti dẹnu kọlẹ̀, kéèyàn na ọwọ́ sókè ni.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ máa ń falẹ̀, ó sì máa ń ni tíṣà tó mọ iṣẹ́ lára. Ẹ ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ ní kí ọmọ ka ọ̀rọ̀ pupa tó yọ lójú kọ̀ǹpútà sókè ketekete, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í kà á rárá. Bí wọ́n bá ti rí pupa báyìí, wọ́n á tì í pa. Ìlà wo ló ní kó o wò? Kí ni ìwọ fẹ́ kí ìlà yẹn ṣe? Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ padà ní ìṣẹ́jú méjì. (Mo mọ̀, àwọn mẹ́rin mìíràn ti na ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nà án.)

Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, kì í sì í fi gbogbo ìgbà tọ́ka síbi tí àṣìṣe wà gan-an, pàápàá àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó ti pẹ́. Bí ọmọ bá gbàgbé láti pa àkámọ́ dé ní ìlà 4, ó lè jẹ́ ìlà 5 ni ẹ̀rọ yóò máa pariwo lé lórí. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa wo ìlà tó ṣáájú. Ìyẹn nìkan máa ń dín àwọn ọwọ́ tó wà lókè kù.

Fífi ojú ewé òfìfo bẹ̀rẹ̀

Kò sẹ́ni tó máa ní kí ọmọ kọ lẹ́tà kí ọmọ náà tó mọ̀wé kà. Nínú ẹ̀kọ́ kóòdù, ojoojúmọ́ là ń ṣe é. A ó ṣàlàyé for, àṣẹ tó ń mú kí ẹ̀rọ ṣe ohun kan ní àṣetúnṣe, fún ìṣẹ́jú 10, a ó ní kí wọ́n ṣí ojú ewé tuntun, "ó yá, ẹ kọ ètò tó máa ka 1 dé 10." Àwọn mẹ́ta tó ti ń kọ kóòdù nílé á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà. Àwọn yòókù á jókòó, wọ́n á máa wo kọ́sọ̀ tó ń ṣẹ́jú.

Sue Sentance, onímọ̀ nípa kíkọ́ni ní kọ̀ǹpútà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní PRIMM (Predict, Run, Investigate, Modify, Make), ìgbésẹ̀ 5 ni. Ẹ fún ọmọ ní kóòdù tó ti pé. Kó kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé yóò ṣe, kó wá tan án wò, kó tú inú rẹ̀ wò, kó yí ibì kan padà nínú rẹ̀; ẹ̀yìn gbogbo èyí ni yóò tó ṣe tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí àwa ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn. Ní 2006, Dale Parsons àti Patricia Haden náà mú òmíràn wá tó rọrùn láti ṣe lórí ìwé: kóòdù tó tọ́ ni, àmọ́ wọ́n ti da àwọn ìlà rẹ̀ rú, kí ọmọ tò wọ́n padà. Ọmọ tí kò tíì lè dá ìlà kan kọ á ṣe é, yóò sì jiyàn lé e lórí pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ kọ èyí sójú pátákó:

for i in range(1, 10):
    print(i)

Kí gbogbo wọn kọ ohun tí wọ́n rò pé yóò jáde sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ni yóò kọ 1 dé 10. Ẹ wá tan án, kó dé 9, kó dúró. Ẹ ó gbọ́ bí kíláàsì ṣe máa dún. Ọmọ tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ 10 sílẹ̀ fẹ́ mọ ẹni tó jí i gbé. Ẹni tí ẹ kàn sọ fún pé "range kì í dé nọ́ńbà tó kẹ́yìn" kò ní ohunkóhun tó máa fi rántí rẹ̀ lọ́la.

Àpótí tó ń purọ́

Gbogbo wa la máa ń sọ pé variable, orúkọ tí a fi ń pa iye kan mọ́ nínú kóòdù, dà bí àpótí. Èmi tiẹ̀ gbé páálí wá sí kíláàsì. Mo kọ x sára rẹ̀, mo kọ 5 sórí ìwé pélébé kan, mo jù ú sínú. Mo kọ 7 sórí òmíràn, mo jù ú sí i. "Ó yá, kí ni x báyìí?"

Ọmọbìnrin kan níwájú dáhùn: "5 àti 7." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́yìn ní 12 ni. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ọmọ náà ò ṣì í rárá, ìwé méjì ló wà nínú páálí, gbogbo ojú ló rí i. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ wọn ní ohun tí kì í ṣòótọ́.

Pátákó kékeré tó ṣeé nù sàn jù ú lọ: ẹ kọ 5, ẹ nù ún, ẹ kọ 7. Ti tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìlà mẹ́rin yìí fún wọn:

a = 5
b = 7
a = b
b = a

Ẹni tó ń ka àmì = bíi ti ìṣirò yóò ní a àti b ti pààrọ̀ ohun ọwọ́ wọn. Ẹ pe ọmọ méjì síwájú, pátákó kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, kí ẹnì kẹta máa ka ìlà sókè. Ní ìlà kẹta, ẹni tó di a mú á wo ti ẹnìkejì, á nu 5 tirẹ̀, á kọ 7. Ní ìlà kẹrin, ẹni tó di b mú á yíjú wo a, 7 náà ló máa rí. 5 ti dàwátì. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi ké láti ẹ̀yìn pé pátákó kẹta la nílò, ẹ̀yin ò sì tíì sọ nǹkan kan.

Kò sí àfiwé tí kò níbi tó ti máa já. Ẹ wá ibi tí tiyín ti máa já nínú yàrá yín, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ọmọ má baà já a mọ́ yín lójú.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà wà níbẹ̀. Ní 1986, Roy Pea, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, kọ̀wé lórí àṣìṣe kan tó ní òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù: wọ́n gbà pé ọpọlọ kan fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ, tó mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Tíṣà tó ń sọ pé "kọ̀ǹpútà rò pé" tàbí "kò tíì yé kọ̀ǹpútà" ń bomi rin èrò náà ni. Èmi ṣì máa ń sọ ọ́ bó bá ti rẹ̀ mí.

"Ṣé ó yé yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, tíṣà!" Kò sí kíláàsì tó ń dáhùn lọ́nà mìíràn, pàápàá bí aago bá ti fẹ́ lù. Ẹ fi ìbéèrè yìí sílẹ̀. Ẹ béèrè èyí tí ìdáhùn tó kùnà yóò tú àṣírí ara rẹ̀:

a = input()
b = input()
print(a + b)

Mo tẹ 5, mo tẹ 7. Kí ló jáde? Ẹni tó ní 12, ọwọ́ sókè. Ẹni tó ní 57? Ẹni tó ní kò ní ṣiṣẹ́? 57 ni. Tí ìdajì kíláàsì bá na ọwọ́ fún 12, ẹ ti mọ̀ pé kò tíì wọ̀ wọ́n létí pé ọ̀rọ̀ ni input ń kó wá, nọ́ńbà kọ́, ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ó gba ìṣẹ́jú méjì péré.

Ó ṣiṣẹ́ nílé

Dájúdájú, ẹ̀kọ́ tí ẹ múra sílẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nílé, ẹ̀yin ni ọ̀gá kọ̀ǹpútà yín. Nílé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ò láṣẹ láti fi ohunkóhun sórí ẹ̀rọ, wọ́n ti ti ojúlé wẹ́ẹ̀bù tí ẹ fẹ́ lò pa, ẹni mẹ́rin ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ fi àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lórí kọ̀ǹpútà kíláàsì gan-an kí ọjọ́ ẹ̀kọ́ tó pé.

Kí ẹ sì ní ẹ̀kọ́ kan lápò tí kò fẹ́ iná. Ọmọ 8 tò sórí ìlà kan, nọ́ńbà láyà oníkálukú, wọ́n ń ṣe bubble sort (ẹni méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á fi nọ́ńbà wéra, wọ́n á pààrọ̀ àyè bí èyí tó tóbi bá wà níwájú), ẹnì kan ń ka iye ìgbà tí wọ́n fi ẹnì kan wé ẹnìkejì. Bí wọ́n bá ṣe é dópin, 28 ni yóò jẹ́: 7, 6, 5, títí dé 1, ẹ ro ó pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá ti ọmọ 16 fún yín. 120 ni, èèyàn di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ lé ní ìlọ́po mẹ́rin. Tim Bell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Zealand ti kó irú eré báyìí jọ sí CS Unplugged, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ohun tí a rò pé a mọ̀

Kóòdù ni mo fi ń jẹun kí n tó wá kọ́ṣẹ́ tíṣà, mo sì wọlé pẹ̀lú igbéraga díẹ̀. Ọmọ kan wá bi mí pé kí ló dé tí bit 8 (ipò mẹ́jọ tí 0 tàbí 1 máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan) fi ń parí sí 255, tí kì í ṣe 256. Mo ní "bó ṣe rí nìyẹn." Ìdáhùn ìtìjú. Òǹkà 256 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, 0 ló gba àyè kan nínú wọn. Mo mọ̀ ọ́n. N kò fẹnu ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí ni. Ẹ mú ìlànà ẹ̀kọ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ fa ìlà sídìí gbogbo orí tí ẹ ò lè ṣàlàyé láìwo ìwé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ jókòó ti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, kí ẹ fi aago sí i, kí ẹ sì máàkì ara yín láìṣojúsàájú. Àwọn tó gbọ́ kóòdù dáadáa máa ń rọ́ lé e lórí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ààbò ìsọfúnni á wá di ẹrù tí wọ́n ń sún síwájú títí ọdún á fi parí.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ bá kó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí print tí kò ní àkámọ́, Python 2 ni, wọ́n sì ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti 1 January 2020. Bákan náà ni ètò ẹ̀kọ́ tí ẹ ní kí AI kọ: ẹ tan gbogbo ìlà kóòdù inú rẹ̀ fúnra yín kó tó dé ojú ọmọ.

Àwọn mẹ́ta tó ti ń kọ kóòdù nílé ńkọ́? Wọ́n á máa dáhùn ṣáá, tíṣà tuntun á sì rò pé gbogbo kíláàsì ló ń bá òun lọ. Ọkùnrin ni wọ́n máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, tí àwọn ọmọbìnrin á fi gbà pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Obìnrin mẹ́fà ló kọ́kọ́ ṣe ètò fún ENIAC, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi han aráyé ní 1946. Ẹ lè sọ ọ́ fún wọn, ó dára, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ṣì ń pe àwọn mẹ́ta yẹn náà. Ẹ má wo ọwọ́ tó wà lókè, ẹ máa pe orúkọ.

Àwáwí

Àṣìṣe tó gbẹ̀yìn, tí mo jẹ̀bi rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ, ni kí olùkọ́ tó wá wo ẹ̀kọ́ sọ ohun tí wọ́n rí fún èèyàn, kónítọ̀hún máa ro ẹjọ́. "Kíláàsì yẹn le ni." "Àkókò ò tó." Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo tí ẹ ó tún ṣe kí wọ́n tó padà wá, kí ẹ pa ẹnu dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, olùkọ́ mi padà wá jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́sí. Nígbà tí a parí, ìlà 3 ló wà lórí ìwé. Inú mi dùn, ni mo bá jiyàn lórí ọ̀kan: okùn máòsì ló yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, mo kàn bá ọmọ fi í padà síbẹ̀ ni.

"Ọmọ náà lọ́wọ́," ni wọ́n wí. Wọn ò pa ìlà náà rẹ́.