Ìwọ̀n tó tàn mí jẹ nígbà tí mò ń wá owó fàdákà ayé òyìnbó

Owó tó tó 132,000 náírà ni mo kó fún ọkùnrin kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti òrùka àtijọ́ n'Íbàdàn, ó sì kó ẹyọ owó ṣílè méjì mọ́kànlá fún mi. Méje nínú wọn ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé fún alágbẹ̀dẹ pé kó yọ́ wọn dànù. Mẹ́rin tó kù ni mo tò sínú àpótí, tí mò ń fi yangàn fún ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sí pálọ̀ wa. Idẹ ni àwọn mẹ́rin yẹn. Méje tí mo lé lọ gan-an ni fàdákà. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, mi ò sì tíì lè sọ ọ́ kí inú mi má ru.

Ìyá tó bí ìyá mi ló fà á. Nígbà tí wọ́n kú, owó kan wà tí wọ́n wé mọ́ etí ìró kan ní ìsàlẹ̀ àpótí wọn. Orí ọba George Karùn-ún wà lójú kan pẹ̀lú adé, igi ọ̀pẹ wà lójú kejì, wọ́n kọ British West Africa sí i, ọdún rẹ̀ sì jẹ́ 1913. Màmá mi rí i, wọ́n ní, "Háà, ṣílè méjì!" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jogún rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í yọ̀ǹda nǹkan. Bí mo ṣe pinnu pé màá wá tèmi nìyẹn.

Owó yìí ní ìtàn. Owó tí wọ́n ń ná ní England gan-an làwọn èèyàn wa ń ná tẹ́lẹ̀. Ọdún 1912 ni ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní London tí yóò máa ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, tí tiwọn sì jáde lọ́dún 1913. Tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì, fàdákà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá pín owó náà sí ọ̀nà 1,000, ọ̀nà 925 ló jẹ́ fàdákà. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní fi máa parí, fàdákà ti wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀, torí náà láti ọdún 1920 ni wọ́n ti ń fi idẹ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan tí wọ́n kọ 1924 sí wá fún yín pé fàdákà ni, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fẹ́ kó jọ. Tọ́rọ́, sísì àti ṣílè kò fún mi ní wàhálà kankan. Ọwọ́ àbúrò bàbá mi ni mo ti rí méjì, mo ra ẹ̀kẹta. Ṣílè méjì ló kù, òun náà ló sì dá mi lóró.

Ọkùnrin tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ yìí kò gbà láti tú wọn tà. Mọ́kànlá pọ̀, 12,000 náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí n máa bá tèmi lọ. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò, èéfín àti epo ti dì mọ́ ọn débi pé ọdún ara ọ̀pọ̀ nínú wọn kò hàn. Mo ronú pé n óò kó gbogbo rẹ̀, n óò wọ̀n wọ́n, n óò mú èyí tó dáa jù, n óò sì ta ìyókù fún àwọn èèyàn bíi tèmi. Ọgbọ́n ni mo pè é.

Mo ti kà á pé ṣílè méjì tòótọ́ wọn gíráàmù 11.31. Mo ra ìwọ̀n kékeré kan ní 6,500 náírà, irú èyí tó ń wọ àpò, tó ń ka gíráàmù dé ìdá ọgọ́rùn-ún. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pa fáànù kí afẹ́fẹ́ má baà ti ìwọ̀n, mo gbé e sórí táìsì tó tẹ́ dáadáa, mo gbé owó àkọ́kọ́ lé e. 12.19. Mo gbé èkejì. 12.11. Ẹ̀kẹta, 12.15. Ọkàn mi já. Nígbà tí mo fi máa parí, méje ló ju 12 lọ, mẹ́rin péré ló wà láàárín 11.2 sí 11.4.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe rò ó, nítorí ó dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Owó tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ọwọ́ ti ń gbá kiri, ṣe ló yẹ kó fúyẹ́ sí i. Kò lè wúwo sí i láé. Nítorí náà, èyí tó bá ti wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ayédèrú ni. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo wọ̀n wọ́n lórí tábìlì, lórí ilẹ̀, lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìnkùlé. Òru mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi sì ní tí mo bá tún tan iná yàrá lágogo méjì òru, òun máa ju ìwọ̀n náà sí kànga. Mo gbé òòfà sún mọ́ wọn, kò fa ìkankan. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé òòfà kì í fa idẹ, kì í sì í fa fàdákà, nítorí náà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín. Gbogbo nǹkan ni mo yẹ̀ wò, àfi ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Àṣé olè ni mo fi ṣọ́ ilé.

Mo kó àwọn méje lọ bá alágbẹ̀dẹ kan, bàbá àgbàlagbà. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n jẹ́ kó já lu òkúta iwájú wọn, ó dún gooro, ohùn rẹ̀ sì pẹ́ kó tó kú. Wọ́n wò mí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bàbá, idẹ ni. Mo ti wọ̀n ọ́n."

Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ka 10,500 náírà fún mi, mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ pàápàá.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ara ọmọ mi kò yá, a sì ra sirínjì kan ní kẹ́mísì láti fi fún un ní oògùn. Mílílítà 10 ló wà lára rẹ̀. Mo ń ṣan án lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn: omi mílílítà 10, gíráàmù 10 ló yẹ kó wọ̀n. Mo gbé kọ́ọ̀pù lé ìwọ̀n, mo dá a padà sí òdo, mo fín omi sí i. 10.78. Mo da omi nù, mo tún un ṣe. 10.78. Mo jókòó sórí ilẹ̀ kíṣìnì. Bí ẹ bá fi irọ́ ìwọ̀n yẹn ṣírò, 12.19 di 11.31 géérégé.

Ohun tó tún bí mi nínú jù ni pé ọ̀nà kan wà tí ìwọ̀n onírọ́ yẹn pàápàá kò bá fi lè tàn mí. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó yá mi ní tiwọn, wọ́n sì dúró lé mi lórí bí ọlọ́pàá. Mo wọ̀n ọ́n lásán, 12.14. Mo wá gbé kọ́ọ̀pù omi sórí ìwọ̀n, mo dá a padà sí òdo, mo fi òwú so owó náà, mo rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí kọ́ọ̀pù. Ìwọ̀n ka 1.17, ìyẹn ìwọ̀n omi tí títóbi rẹ̀ bá ti owó náà dọ́gba. Ẹ fi 1.17 pín 12.14, ẹ óò rí nǹkan bíi 10.4, bó ṣe yẹ kí irú fàdákà yìí rí nìyẹn. Bí ìwọ̀n bá bu púpọ̀ kún àkọ́kọ́, ó bu bẹ́ẹ̀ kún èkejì, irọ́ méjèèjì sì pa ara wọn. Mo ṣe é fún àwọn mẹ́rin tó wà nínú àpótí mi. Ẹyọ kan kò dé 8.5. Idẹ.

Nígbà tí mo wá tẹjú mọ́ wọn pẹ̀lú awò, ihò wẹ́wẹ́ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọba, bí ojú àkàrà. Inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti da àwọn wọ̀nyí, wọ́n wá fi fàdákà díẹ̀ kun ara wọn. "Owó Ìjẹ̀bú" làwọn àgbà ń pe irú rẹ̀, nítorí ayédèrú owó tó gbòde nílẹ̀ Ìjẹ̀bú láyé òyìnbó. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ lẹ tà á fún mi.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ti yọ́ gbogbo rẹ̀. "Mo bi ọ́ léèrè," ohun tí wọ́n sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òrùka kan ló kù nínú ohun tí wọ́n fi rọ, ó wà nínú àwo níwájú wọn.

Mo ti rí ṣílè méjì tèmi báyìí, ti ọdún 1914, ọ̀rẹ́ mi kan bá mi rà á bọ̀ láti London, ẹyọ kan ṣoṣo, 28,000 náírà. Mi ò fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú fọ̀ ọ́, bí màmá mi ṣe ń rọ̀ mí tó. Ẹni tó bá mọ owó àtijọ́ kì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti bó láwọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, ẹ̀gbọ́n mi sì ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Òrùka yẹn náà wà nílé wa. 25,000 ni bàbá ní kí n mú wá, mi ò sì ní ẹnu láti ná an. Ìyàwó mi ló ń wọ̀ ọ́.