Àmàlà, Gbẹ̀gìrì, Ewédú: Bí Àwọn Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Fèrè Ṣe Lè Jọ Ṣe Orin Tiwọn

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo kọ́ àwọn ọmọ ní fèrè rékọ́dà nílé ìwé kan níbí ní Ìbàdàn, orin kan ṣoṣo ni mo kọ sójú pátákó. Mo ní kí wọ́n máa dìde fọn ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí táàmù tó parí, ìdajì kíláàsì ti ń fi rékọ́dà sílé. Kò sí ohun tó ṣe àwọn ọmọ náà. Orin tí mo gbé fún wọn ló jìnnà sí wọn, ẹni tí kò sì tíì kàn kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Báyìí, inú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn la ti ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń lù tàbí fọn nǹkan láti ọjọ́ kìíní.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ohùn mẹ́ta tí ọmọ máa ń kọ́kọ́ mọ̀ lórí rékọ́dà ni G, A àti B. Ẹ pe G ní dò, ẹ pe A ní re, ẹ pe B ní mí. Dò, re, mí náà ni wọ́n fi ń fàmì sórí ọ̀rọ̀ ní kíláàsì Yorùbá. Ọmọ tó bá ti mọ ohùn mẹ́ta yìí lè máa fi fèrè sọ̀rọ̀ bí onílù ṣe ń fi ìyáàlù sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

Bí ọmọ bá tó 40 tí rékọ́dà sì jẹ́ mẹ́wàá, ó tó. Ẹ wá agogo kan, agolo mílíìkì tí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí, àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo mélòó kan tí ẹ máa dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìgò náà wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí ẹ bá fi igi lù ú, bí omi inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ sí i ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹnu rẹ̀, omi púpọ̀ á gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ẹ má ṣe kó trọ́mpẹ́ẹ̀tì mọ́ rékọ́dà lọ́jọ́ kìíní. Dò tí ọmọ máa ń kọ́kọ́ fọn lórí trọ́mpẹ́ẹ̀tì, B-flat (ohùn tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí B) ló ń jáde, kò sì bá G tiwa mu. Kí àwọn onítrọ́mpẹ́ẹ̀tì ní ẹgbẹ́ tiwọn.

Ìka àti èémí

Ọwọ́ òsì ló máa wà lókè. Àtàǹpàkò á dí ihò ẹ̀yìn, ìka tó tẹ̀ lé e á dí ihò àkọ́kọ́ níwájú: mí nìyẹn. Bí ìka àárín bá kún un, ó di re. Bí ìka kẹrin bá kún un, ó di dò. Kí wọ́n fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, kí ahọ́n máa pe "tu" ní ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan.

Bí fèrè bá ń han, ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ń fẹ́ ẹ jù. Ó sì lè jẹ́ pé ihò ń jò. Ẹ ní kó tẹ ìka rẹ̀ mọ́ fèrè dáadáa, kó ká a kúrò, kí ẹ wo orí ìka náà. Bí àmì ihò bá hàn róbótó, ó dí i. Bí apá kan àmì náà kò bá hàn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ọmọ fúnra rẹ̀ á rí i, kò ní í sí ẹ̀kún.

Orúkọ wọn

Ẹ jókòó ní agbo. Kí gbogbo agbo máa pàtẹ́wọ́ mẹ́rin mẹ́rin, kó má yára. Ọmọ kan á fi fèrè pe orúkọ ara rẹ̀, gbogbo agbo á sì gbè é, àwọn tí kò ní fèrè á fi ẹnu kọ ọ́. Ayọ̀ jẹ́ re dò. Ṣadé jẹ́ re mí. Kẹ́hìndé jẹ́ mí dò mí. Èmi kì í dá ọmọ tó bá ṣì í dúró. Agbo á gbè é bó ṣe yẹ, etí rẹ̀ á sì tún un ṣe.

"Kí ni mo sọ?"

Ẹ má ṣe fi ìkánjú kọjá níbí. Ọmọ kan á kọjú sí ògiri, á fọn ọ̀rọ̀ kan, àwọn tó kù á sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Àpáta (dò mí re) kì í ṣòro, Bódìjà (mí dò dò) náà kì í ṣòro. Ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin kan fọn dò dò dò. Ìbàdàn ló ní lọ́kàn. Àwọn kan pariwo pé àmàlà, àwọn kan ní àkàrà, ẹnì kan ní gbẹ̀gìrì, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Gbogbo wọn ló sì tọ̀nà! Mo wá ní kó fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Ó fọn dò dò dò, mí mí mí. Gbogbo kíláàsì ní "Àkàrà gbígbóná!" Èyí ló mú kí àwọn àyàn máa lo gbólóhùn gígùn, oríkì àti òwe, kí ọ̀rọ̀ kan má baà dá nìkan wà. Ẹ sọ ọ́ fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nígbà tí àríyànjiyàn náà ṣì gbóná.

Ẹ kó orin jọ

Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ mẹ́jọ. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún wọn nìyí, a sì ń kà á ní mẹ́rin mẹ́rin:

Àmàlà: dò dò dò, dákẹ́.
Gbẹ̀gìrì: dò dò dò, dákẹ́.
Ewédú: re mí mí, dákẹ́.
Ẹran: re re, dákẹ́, dákẹ́.

Ibi tí fèrè bá ti dákẹ́ ni kẹ́ẹ̀gì á ti dáhùn. Agolo á máa lọ láì dúró. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ọ̀rọ̀ tiwọn, ìpolówó ọjà dára gan-an fún un: ẹ̀kọ gbígbóná jẹ́ dò re mí mí mí, ó ń gòkè bí àtẹ̀gùn.

Nínú ìlù dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń di ìlù mú. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fi ọmọ tí iṣẹ́ kò tètè yé sí ìdí ìlù tí kì í yí padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró jù lọ ni kí ẹ fi síbẹ̀, nítorí bí ìlù yẹn bá yẹ̀, gbogbo orin á yẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ lè mú agogo wọlé. Ẹ ka 1 dé 12 léraléra, kí ẹsẹ̀ máa tẹ 1, 4, 7 àti 10, kí agogo máa dún ní 1, 3, 5, 8 àti 10. Ẹ fi àtẹ́wọ́ ṣe é títí yóò fi mọ́ wọn lára kí ẹ tó fa agogo lé wọn lọ́wọ́.

Kí ẹ tó túká

Ẹ fi fóònù gba orin náà sílẹ̀, ẹ tan án fún wọn gbọ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa tún ṣe. Kí wọ́n fi d, r, m kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ orí rékọ́dà, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, ẹ tò ó sí ojú fèrèsé kó gbẹ. Ẹlòmíràn ló máa fi ẹnu kàn án lọ́la.