Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ẹjọ́ Máníjà Baseball Láìṣègbè

Bí ẹgbẹ́ baseball bá pàdánù lálẹ́, máníjà làwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bú. Bí wọ́n bá borí, àwọn eléré ló ń gba gbogbo ìyìn. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà ń ṣe nínú sáà kan, láti ìparí oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án, àyè sì wà láti fara balẹ̀ wo iṣẹ́ ẹni tó ń darí wọn. Ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe é rèé. Ohun kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìpinnu tí máníjà ṣe ni ká dá lẹ́jọ́, pẹ̀lú ohun tó mọ̀ lásìkò tó ṣe é. Ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí lẹ́yìn ìyẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀

Ẹni tí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ilẹ̀ England bá ti mọ́ lára lè ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, torí pé máníjà ibẹ̀ máa ń lọ́wọ́ sí ẹni tí wọ́n bá rà. Ti baseball kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ni, nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní general manager, tó ń ra eléré tó sì ń tà wọ́n. Eléré 26 tí wọ́n bá kó fún máníjà ló máa lò. Tirẹ̀ ni láti mú àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ eré, láti tò wọ́n bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra nídìí igi (ibi tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì bá jù), láti mọ ẹni tó yẹ kó sinmi, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, láti mọ ìgbà tó yẹ kí ajubọ́ọ̀lù kan jáde kí òmíràn wọlé.

Ẹ wo Chicago White Sox ní 2024. Wọ́n lé Pedro Grifol lóṣù kẹjọ, nígbà tó ti borí nínú eré 28, tó sì ti pàdánù 89. Grady Sizemore gba ipò rẹ̀ títí sáà fi parí: ó borí 13, ó pàdánù 32. Máníjà yí padà, ìyà náà kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Grifol ní ẹ̀bi tirẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí máníjà tó lè fi irú ẹgbẹ́ yẹn ṣe nǹkan gidi.

Nítorí náà, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ iye eré tí ẹ rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ náà borí sílẹ̀. Ìkànnì FanGraphs máa ń gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ lè fi ti yín wé tiwọn. Tí ẹ ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, èsì tí ẹ bá rí lẹ́yìn ló máa sọ fún yín pé ohun tí ẹ ti ń retí tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣe ìṣirò àmì ayò

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹ lọ sórí ìkànnì Baseball-Reference, kí ẹ mú nọ́ńbà méjì: iye àmì ayò tí ẹgbẹ́ náà ti ní láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, àti iye tí àwọn alátakò ti ní lára wọn. Bill James, ọ̀gbẹ́ni tó kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn láti máa fi ìṣirò wo eré yìí, ló gbé ọ̀nà tí a máa lò kalẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro èsì méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá fi àròpọ̀ yẹn pín ti ẹgbẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká fi Baltimore Orioles ti ọdún 2012 ṣe é, nígbà tí Buck Showalter jẹ́ máníjà wọn. Wọ́n ní àmì ayò 712, àwọn alátakò ní 705. Tí 712 bá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 506,944 ni. Ti 705 jẹ́ 497,025. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 1,003,969. Tí a bá fi pín 506,944, a óò rí nǹkan bíi 0.505. Ẹ fi 162, ìyẹn iye eré tí wọ́n ti ṣe, sọ ìyẹn di púpọ̀: eré 82 ló yẹ kí wọ́n borí. Wọ́n borí 93.

Ibo ni eré 11 tó lé yẹn ti wá? Àwọn eré tí àmì ayò kan ṣoṣo pinnu ni ìdáhùn wà. Wọ́n borí 29 nínú wọn, wọ́n pàdánù 9 péré. Nínú àwọn eré tó kọjá abala mẹ́sàn-án, ìyẹn iye abala tí eré kan máa ń ní, wọ́n borí 16, wọ́n pàdánù 2. Ọ̀pọ̀ èèyàn kan sáárá sí Showalter lọ́dún náà pé ọgbọ́n rẹ̀ ló ń bá wọn já irú eré bẹ́ẹ̀ gbà. Ó dé 2013, máníjà kan náà, ọ̀pọ̀ eléré kan náà, wọ́n borí 20 nínú àwọn eré alámì ayò kan, wọ́n pàdánù 31. Ìṣirò James sọ pé eré 85 ló yẹ kí wọ́n borí lọ́dún yẹn, 85 náà gan-an ni wọ́n borí.

Ṣé Showalter gọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà ni? Rárá o. Oríire pọ̀ nínú eré alámì ayò kan, kì í sì í dúró lọ́wọ́ ẹnì kan pẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá fi eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá ohun tí ìṣirò sọ, ẹ má tíì kà á sí nǹkan kan. Bó bá tó mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ, kí ẹ sì gbà pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ló máa jẹ́ ti máníjà.

Ọ̀dọ̀ àwọn ajubọ́ọ̀lù ni kí ẹ pẹ́ sí

Níbí ni iṣẹ́ máníjà ti ń hàn kedere jù. Ajubọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ eré máa ń rẹ̀, àwọn tó ń di igi mú náà sì máa ń mọ ọwọ́ rẹ̀ sí i bí wọ́n bá dojú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta nínú eré kan náà. Ó di dandan kí máníjà pinnu. Láti 2020, òfin sọ pé ẹni tó bá wọlé rọ́pò gbọ́dọ̀ kojú èèyàn mẹ́ta, ó kéré tán, àfi tí ìdajì abala náà bá parí tàbí tó bá farapa. Ẹni tí máníjà bá mú ti di tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń wo ìpinnu yìí ju gbogbo ohun yòókù lọ.

Ẹ mú ìwé kan. Nínú eré èyíkéyìí tí àlàfo rẹ̀ kò bá ju àmì ayò méjì lọ lẹ́yìn abala kẹfà, bí máníjà bá ti ń rìn bọ̀ lórí pápá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: abala wo ni, ta ló wà lórí bésì (àwọn ibùdó tí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù máa ń sá yí ká kó tó gba àmì ayò), àwọn mẹ́ta wo ló ń bọ̀ nídìí igi, ta ló mú wọlé, ta ló fi sílẹ̀. Kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ̀yin ìbá ṣe, *kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù kankan*. Àkọsílẹ̀ tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn èsì kò wúlò.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ wo àkọsílẹ̀ eré ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú. Ẹni tí ẹ ní ó yẹ kó wọlé lè ti jù fún ọjọ́ méjì léra wọn, ó sì lè ti ju bọ́ọ̀lù 30 lánàá nìkan. Ẹ tún gbọ́ ohun tí máníjà sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn eré, torí ibẹ̀ ló ti máa ń sọ pé apá ń dun ẹnì kan. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lára ẹjọ́ méjì tí àwọn olólùfẹ́ eré yìí kò tíì yéé jiyàn lé lórí. Ní 2016, Orioles ti Showalter lọ sí Toronto fún eré kan ṣoṣo tí ẹni tó bá pàdánù máa lọ sílé. Zack Britton wà níbẹ̀, ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n fún ní eré 47 láti parí lọ́dún náà tí kò sì ba ẹyọ kan jẹ́. Showalter ń fi í pa mọ́ de ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà níwájú, bí àṣà àwọn máníjà tó bá lọ gbá eré lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìgbà yẹn kò dé. Ní abala kọkànlá, Ubaldo Jiménez ló ń ju bọ́ọ̀lù fún Orioles nígbà tí Edwin Encarnación ti Toronto gbá bọ́ọ̀lù sọdá odi pápá, 5 sí 2, ó parí. Ẹ̀bi Showalter ni mo kà á sí, mi ò sì ní kà á sí oríire kódà ká ní Jiménez bọ́ nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀la tí à ń ṣẹ́ ọwọ́ tó dára jù sílẹ̀ fún.

Ti Kevin Cash yàtọ̀. Ní eré kẹfà World Series 2020, ìyẹn àṣekágbá líìgì náà, Blake Snell ti ju bọ́ọ̀lù 73 fún Tampa Bay Rays tí Cash ń darí, bí wọ́n ṣe ń bá Dodgers gbá, ó ti lé èèyàn mẹ́sàn-án kúrò nídìí igi, Rays sì wà níwájú, 1 sí 0. Ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù dé bésì ní abala kẹfà, Cash sì yọ Snell. Àwọn mẹ́ta tó ń bọ̀ fẹ́ dojú kọ Snell lẹ́ẹ̀kẹta ni, bẹ́ẹ̀ sì ni Cash ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ṣùgbọ́n ìpinnu méjì ló wà níbẹ̀, ó sì yẹ ká pín wọn níyà. Yíyọ Snell ní àwíjàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé àwọn mẹ́ta yẹn lẹ́ẹ̀mejì-méjì. Nick Anderson tó mú wọlé ni mi ò lè gbèjà. Ìgbà mẹ́fà tó jáde ṣáájú eré yẹn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti gba àmì ayò lára rẹ̀. Apá rẹ̀ ti rẹ̀, gbogbo ayé rí i. Dodgers borí, 3 sí 1.

Àwọn nǹkan tí kò tó bí ariwo wọn

Bí wọ́n ṣe tò nídìí igi ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, ìyàtọ̀ tó sì ń mú wá kò ju eré kan tàbí méjì lọ nínú gbogbo sáà. Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò níbẹ̀.

Ẹ wo bunt, ìyẹn kí ẹnì kan fi igi kan bọ́ọ̀lù jẹ́ẹ́ kó lè fi ara rẹ̀ rúbọ, kí ẹnìkejì rẹ̀ kúrò ní bésì kìn-ín-ní bọ́ sí ìkejì. Tí wọn kò bá tíì lé ẹnikẹ́ni jáde tí ẹnì kan sì wà ní bésì kìn-ín-ní, ẹgbẹ́ lè retí nǹkan bíi àmì ayò 0.85 nínú abala náà. Lẹ́yìn bunt náà, ó wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi 0.65. Máníjà tó bá ń ṣe é ní abala kẹta ń fi oúnjẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọrẹ. Ní abala kẹwàá, níbi tí òfin ti fi ẹnì kan sí bésì kejì fún wọn, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀.

Ẹ má yára, kí ẹ sì wo ohun tó yí èsì ká

Ní 2019, nínú eré 50 àkọ́kọ́, Washington Nationals borí 19, wọ́n pàdánù 31, àwọn èèyàn sì ń pariwo pé kí wọ́n lé Dave Martinez. Wọn ò lé e. Ẹgbẹ́ náà gba World Series lọ́dún yẹn. Ní 2022, nínú eré 51 àkọ́kọ́, Philadelphia Phillies borí 22, wọ́n pàdánù 29, wọ́n lé Joe Girardi. Rob Thomson gbà á, ó borí 65, ó pàdánù 46, ó sì kó wọn dé World Series.

Ẹ̀rí méjèèjì dà bíi pé wọ́n ń ta ko ara wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta nígbàkigbà tí máníjà tuntun bá gbé ẹgbẹ́ dìde: ta ni wọ́n bá gbá, ta ló farapa, ta ló padà dé? Lọ́rọ̀ Thomson, Bryce Harper tó jẹ́ òpómúléró wọn fọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ ní oṣù kẹfà, kò sì padà títí di ìparí oṣù kẹjọ. Láìsí rẹ̀ ni Thomson ń borí. Bó bá jẹ́ pé Harper ló padà dé lọ́jọ́ tí Thomson gba iṣẹ́, òun ni ǹ bá fún ní ìyìn náà. Bó ṣe rí yìí, Thomson ni mo fún.