Bí Mo Ṣe Mọ Iṣẹ́ Tí Fáìlì smime.p7s Ń Ṣe

Íméèlì kan wọlé láti ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò wa nípa ìwé àdéhùn kan. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yé mi, àmọ́ fáìlì kékeré kan so mọ́ ọn, smime.p7s lorúkọ rẹ̀. Mo pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní àwọn kò fi fáìlì kankan ránṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí.

Mo kọ́kọ́ rí i dájú pé .p7s ni orúkọ rẹ̀ parí sí, nítorí àwọn oníjìbìtì máa ń fi .exe, ìyẹn orúkọ ìparí ètò tó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, pa mọ́ sẹ́yìn irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi Notepad ṣí i. Àmì wúruwùru ló kún ibẹ̀, àmọ́ orúkọ agbẹjọ́rò wa àti àdírẹ́sì íméèlì wọn ń yọjú láàárín rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé òǹtẹ̀ ni, ìyẹn ìbuwọ́lù orí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe lẹ́tà. Ètò íméèlì wọn ló ń lù ú mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kàn án.

Nínú Windows, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì to àwọn ìwé ẹ̀rí inú rẹ̀ sílẹ̀: orúkọ ẹni tó ni ín, ilé iṣẹ́ tó fún un, ọjọ́ tí yóò parí. Ìyẹn nìkan kò tó mi. Ẹnikẹ́ni lè mú fáìlì yìí kó so ó mọ́ lẹ́tà mìíràn; àfi kí òǹtẹ̀ àti lẹ́tà tí wọ́n lù ú mọ́ pàdé kí a tó lè gbà á gbọ́.

Nítorí náà mo fi odindi íméèlì náà pamọ́ bíi .eml, mo sì fi Thunderbird, ètò tí a fi ń ka íméèlì, ṣí i. Àmì S/MIME, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n gbà lu òǹtẹ̀ náà, yọ lókè. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní ìbuwọ́lù náà pé. Mo fi àdírẹ́sì inú ìwé ẹ̀rí wé ti ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọ́n bára mu.

Síbẹ̀ ọkàn mi fẹ́ rí i kedere. Mo ṣe ẹ̀dà .eml náà, mo yí ọjọ́ 5 tí wọ́n fún wa láti dáhùn sí 6, mo sì tún un ṣí. Kíá ló sọ pé ìbuwọ́lù náà kò pé mọ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo! Inú mi dùn gan-an.

Bó bá jẹ́ signature.asc lẹ rí, ti OpenPGP nìyẹn, ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà buwọ́ lu íméèlì. Thunderbird lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 78 tó jáde ní 2020, ṣùgbọ́n ẹ ní láti kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ìta gbangba ẹni náà, èyí tí a fi ń yẹ ìbuwọ́lù rẹ̀ wò, nítorí kì í sí nínú ìbuwọ́lù ọ̀hún. Ní ti smime.p7m, odindi lẹ́tà ló máa ń wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tì í pa, ẹ nílò kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tiyín kí ẹ tó lè ṣí i.

Mo tún pe agbẹjọ́rò wa. Ìwé ẹ̀rí wọn kò ní ju oṣù kan lọ mọ́ kó tó parí, mo sì ní kí wọ́n tètè gba òmíràn.